Bí ẹgbẹ́ onílù àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣe lè gbádùn ara rẹ̀, kí ó yan lójú pópó, kí ó sì tún lọ díje

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń sún mọ́lé ní Adó-Èkìtì, àwa tí a ti jáde ilé-ìwé láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn máa ń gbọ́ ìlù àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, ọjọ́ tí ó jẹ́ ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, tí ó sì tún jẹ́ ọjọ́ ìbí Ìpínlẹ̀ Èkìtì, nítorí pé ọjọ́ kan náà ní ọdún 1996 ni a yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọwọ́ a sì máa yún wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílù àgbàlagbà ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan á sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹlòmíràn á dáhùn pé sáìdì dúrọ́ọ̀mù òun, ìlù kékeré tí a ń gbé kọ́ ara bí a bá ń yan, ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, kí a sì tó mọ̀, àgbàlagbà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti dúró sórí pápá ilé-ìwé tí wọ́n ń wá ọ̀pá ìlù.

Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn náà kò jìnnà. Nínú àwọn tí wọ́n péjọ, ẹ óò rí ẹni tí ó kàn fẹ́ lùlù, kí ó bá àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kí ó sì jẹ iyán lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ óò rí ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn àfi bí ó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ó ń yan gba Òkèsà kọjá, tí àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e. Ẹ óò sì rí àwọn díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí adájọ́ jókòó tì wọ́n, kí ó fún wọn ní máàkì, kí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ sílé. Èmi gbà pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, bí ẹ bá ti lè sọ ìdíje di ohun tí ẹni tí ó wù nìkan ń yàn, tí ó ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí nínú ọdún, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ó jọba lé gbogbo ẹgbẹ́ lórí.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ oníkálukú

Ẹ má ṣe gbé ìbéèrè náà sí àárín ìpàdé. Bí ẹ̀gbọ́n kan láti sẹ́ẹ̀tì tí ó ṣáájú bá ti dìde pé òun fẹ́ kí a lọ díje, àwọn àbúrò tí wọ́n wà ní kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí ó jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè la ẹnu sọ pé kò rọrùn fún àwọn. Wọn óò ní ó dára bẹ́ẹ̀, sà, wọn óò sì dẹ́kun wíwá. Ẹ pín bébà kéékèèké, kí oníkálukú dáhùn láìkọ orúkọ: Sátidé mélòó ni ó lè yọ̀ǹda nínú oṣù, báwo ni ó ṣe lè rìn jìnnà tó pẹ̀lú ìlù lọ́rùn, ṣé ó sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fún òun ní máàkì.

Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ díje kò ju méje lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni ó lọ sókè jù, gbogbo wa sì rò pé ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ nìyẹn. Kí oṣù kẹrin tó pé, àwọn tí ń lu bígí dúrọ́ọ̀mù ti ń ní òde tí wọ́n ń lọ ní gbogbo Sátidé, àní ní Sátidé tí a mọ̀ dájú pé kò sí òde kankan ní ìlú. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Nígbà tí ẹ bá ti ka àwọn bébà náà tán, ẹ kọ ìpinnu kan sínú ìwé òfin ẹgbẹ́: ẹni tí kò bá bá wọn díje kò ní pàdánù ààyè rẹ̀ nígbà tí a bá ń yan lójú pópó, a kò sì ní gba ìlù ọwọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó ń díje. Bí àwọn tí wọ́n fẹ́ díje kò bá tó láti gbé ìlà kan dúró, bóyá sáìdì dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin, bígí dúrọ́ọ̀mù kan, símbà (àwo idẹ tí a ń lù mọ́ra) kan àti olùdarí tí yóò di ọ̀pá mú níwájú, ẹ fi ìdíje sílẹ̀ ní ọdún náà. Ẹ má ṣe máa bẹ ẹni tí kò fẹ́ kí ó lè kún iye.

Bí àwọn tí wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́ ṣe pín in

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè ti di eré ìdíje ńlá, àjọ Drum Corps International ṣe ìdíje àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní ọdún 1972. Ti àwọn ọ̀dọ́ ni, wọ́n sì fi gbèdéke lé ọjọ́ orí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 22 kí oṣù Kẹfà tó wọlé kò lè bá wọn kópa mọ́. Àwọn àgbà ní tiwọn lọ́tọ̀, Drum Corps Associates, láti àwọn ọdún 1960, títí ìdíje wọn fi bọ́ sábẹ́ àjọ ti ìṣáájú ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ibi tí ó kàn wá jù lọ ni ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tí wọ́n tún ara wọn kó jọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: nígbà tí ìdíje àwọn àgbà ṣì wà lọ́wọ́ Drum Corps Associates, wọ́n a máa ya ètò sọ́tọ̀ fún irú wọn, níbi tí wọn yóò ti lu àwọn orin tí a fi mọ ẹgbẹ́ wọn láyé àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fún wọn ní máàkì. Àsìkò kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ díje ń díje, ẹni tí ó fẹ́ ṣeré ń ṣeré.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mú lọ́dọ̀ wọn ni bí wọ́n ṣe ń pín máàkì. Nínú 100 tí ẹgbẹ́ kan lè gbà, 40 wà fún ipa tí eré náà ní lápapọ̀ lára ẹni tí ó ń wò ó, 30 wà fún ohun tí ojú rí, bí ìrìn, ìtò àti àsíá, 30 yòókù ni ti orin, tí ìlù sì jẹ́ apá kan péré nínú rẹ̀. Mo ti rí àwọn onílù wa tí wọ́n lo oṣù méjì lórí bí ọ̀pá yóò ṣe yára, tí ojú wọn le koko bí ẹni tí ó ń jẹ́jọ́, tí wọn kò sì bi ara wọn léèrè bóyá ẹni tí ó ń wò wọ́n ń gbádùn. Bí wọ́n bá ń fún ni ní máàkì báyẹn níbi tí ẹ ń lọ, èrò tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìjìgbò ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ni olùkọ́ yín fún 40 náà. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń wo fóònù wọn.

Tiwa wá láti ọ̀nà mìíràn díẹ̀. Púpọ̀ nínú wa kọ́ ìlù yìí nínú Boys' Brigade, ẹgbẹ́ tí William Alexander Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, tí ó sì dé Èkó ní ọdún 1908, kí ó tó di ohun tí ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, bí àwọn adájọ́ tí ẹ ó bá pàdé bá jẹ́ ọmọ Brigade, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá wo bàtà àti bẹ́líìtì yín kí wọ́n tó fetí sí ìlù. Ẹ gba ìwé òfin ìdíje náà, kí ẹ kà á kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ bá yín pín ọdún

Èkìtì ní òkè, ó sì ní òjò. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀, nígbà tí ó bá sì di ìparí ọdún, ọyẹ́ a dé. Mo ti wo ọdún wa yí po yí ká, ohun tí mo rí ni pé àsìkò mẹ́ta tí ó bá ìfẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ti wà nílẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ fi ìdíje sí àárín oṣù Kìíní sí Ọdún Àjíǹde. Ilẹ̀ gbẹ, pápá kò ní ẹrẹ̀, kò sì sí òde ìjọba ńlá tí yóò pe yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ìgbáradì tó fún àwọn tí wọ́n ti mọ ìlù tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń wọ inú ìgbéyàwó àti iṣẹ́ èèyàn. Nígbà tí òjò bá wá le ní oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ wọ abẹ́ òrùlé kíláàsì, kí ẹ fi àga dúró yí ká, kí ẹ máa lùlù ní ìjókòó. Àsìkò eré nìyí: ẹ kọ́ orin tuntun, ẹ pe àwọn ìyàwó àti ọkọ yín wá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbìyànjú símbà. Láti oṣù Kẹjọ, nígbà tí Adó ń ṣe Udírókò, ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà, títí dé oṣù Kejìlá tí àwọn ará òkè òkun ń wálé, ti ojú pópó ni. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan nípa Udírókò: ààfin Èwí, ọba Adó, ní onílù tirẹ̀, dúrọ́ọ̀mù wa kò sì gbọdọ̀ bo ìlù ọba mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ bèèrè ibi tí ẹ ó ti dákẹ́ kí ẹ tó bèèrè ibi tí ẹ ó ti lù.

Ní ti ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ẹ lè lọ bá wọn tún ìlù wọn ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú.

Sátidé ni ọjọ́ òde ní ilẹ̀ wa, ìsìnkú àti ìgbéyàwó sì wà fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà agogo méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni kí ẹ máa pàdé, lẹ́ẹ̀mejì péré lóṣù fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn tí ń díje á fi ìrọ̀lẹ́ Sunday kún tiwọn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọn nìkan.

Orin kan, ìpele méjì

Ẹ má ṣe ní orin ìdíje lọ́tọ̀, kí ẹ tún ní orin ojú pópó lọ́tọ̀. Agbára àgbàlagbà kò gbé e. Ẹ mú orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú orin ilé-ìwé yín nínú rẹ̀ dandan, kí ẹ sì ṣe é ní ìpele méjì. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ti bígí dúrọ́ọ̀mù àti sáìdì dúrọ́ọ̀mù tí kò le, èyí tí ẹni tí ó pẹ́ kó tó wá ìgbáradì lè bá yín lù. Ìpele òkè ni ẹ̀ṣọ́ tí àwọn tí ń díje ń fi sí i. Ẹ dán an wò báyìí: kí àwọn tí ń lu ìpele òkè dákẹ́ lójijì láàárín orin. Bí orin náà bá wó lulẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ti gbé ẹrù rẹ̀ lé wọn jù, ẹ tún un tò.

Àwọn kan máa ń fẹ́ kí sáìdì dúrọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ bíi dùndún. Kò lè ṣe é, nítorí ọsán tí a ń fún ni ó ń mú kí ohùn dùndún lọ sókè sódò, ohùn sáìdì dúrọ́ọ̀mù sì dúró sójú kan. Bí ẹ bá fẹ́ kì ọ̀gá ilé-ìwé yín àtijọ́ ní oríkì lójú pópó, ẹ mú ẹni tí ó mọ gángan lù dání. Ìdùnnú tí ó ń mú wá pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé òfin kí ẹ tó gbé e wọ ibi ìdíje.

Bí àbúrò ṣe ń tọ́ ẹ̀gbọ́n sọ́nà

Ibí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fi yàtọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ onílù mìíràn, ibí náà sì ni mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó tú ká. Ẹni tí ó mọ ìlù lù jù lè jẹ́ ẹni ọdún 32, kí ẹni tí ó ń ba ìlù jẹ́ sì jẹ́ ẹni ọdún 58, tí ó fìyà jẹ ẹ̀gbọ́n olùkọ́ náà ní ilé-ìwé rí. Bí olùkọ́ bá pe ẹni náà lórúkọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ó ń ṣìnà, òótọ́ ni ó sọ, ẹgbẹ́ sì ti pàdánù ènìyàn kan, bóyá pẹ̀lú mẹ́ta tí wọ́n jọ wà ní sẹ́ẹ̀tì kan.

Ọ̀nà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé olùkọ́ kì í tọ́ ènìyàn kan ṣoṣo sọ́nà ní gbangba. Ìlà ni ó ń tọ́. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìlà kejì tún ibẹ̀ lù fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i." Bí àṣìṣe náà bá tún wáyé, yóò dúró títí ìgbáradì yóò fi parí, yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n náà níbi tí ó ti ń nu òógùn, yóò sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọwọ́ òsì yín ń yára díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó." Ní ìdà kejì, àwọn àgbà náà gbọ́dọ̀ gbà nínú ìwé òfin pé láàárín agogo méje sí mẹ́sàn-án, olùkọ́ ni ọ̀gá, ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́. Lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Fún ìdíje nìkan, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò wà, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé yín sì jẹ́ ẹni tí yóò ṣe é. Kò sí ọmọ ilé kan náà tí yóò yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò tí ọ̀rọ̀ náà yóò tán síbẹ̀.

Ara kì í ṣe ti ọdún kìíní mọ́

Ìrìn kíákíá àwọn ológun sábà máa ń jẹ́ ìṣísẹ̀ 116 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa ka ìṣísẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan fún yín, kí ẹ máa yan sí i fún oṣù méjì, nítorí pé òkè Adó yóò fi ìyókù kún un fún yín. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè di símbà mú tàbí kí ó gbé àsíá. Ó sàn ju kí ó máa fi ìtìjú gbé bígí dúrọ́ọ̀mù lọ. Ẹ ní ọkọ̀ kan tí ń tẹ̀ lé yín pẹ̀lú omi, tí ẹni tí ó bá rẹ̀ lè wọ̀ láìsí àwàdà lórí rẹ̀.

Etí ni a máa ń gbàgbé. Àjọ tí ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NIOSH, dámọ̀ràn pé kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ́lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, pé nígbàkígbà tí ariwo bá sì fi 3 lé sí i, kí a pín àkókò náà sí méjì. Ẹ ṣe ìṣirò náà títí dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni yóò kù, kò sì ṣòro fún ìlà sáìdì dúrọ́ọ̀mù láti kọjá 100. Ẹ ra ohun ìdí etí fún gbogbo ẹgbẹ́, pàápàá fún ìgbáradì inú kíláàsì nígbà òjò, níbi tí ògiri ń dá ariwo padà sí yín.

Owó àti ìpè

Bí ẹ bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan tí ó dára, àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín sí ìsìnkú, ìwúyè àti ìkórè. Owó dára, ẹ ó sì rí i ná sórí awọ ìlù àti aṣọ, ṣùgbọ́n ìpè ni ó ń pa eré àti ìdíje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sí Sátidé tí yóò kù. Ẹ fi iye sí i. Àwa kì í gba ju ìpè mẹ́fà lọ lọ́dún, a sì máa ń fi méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìsìnkú olùkọ́ wa àtijọ́ tàbí ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí a kì í gba owó lé lórí.

Owó tí wọ́n bá ná sí onílù lórí níbi òde, inú àpò ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹ yan ẹni méjì láti ṣà á, ẹ kà á níwájú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí kò ṣe èyí, tí bígí dúrọ́ọ̀mù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ síwájú ìlà nígbàkígbà tí ó bá rí ọlọ́lá. Ní ti ìpolongo ìbò, ẹ kọ̀ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan náà wà nínú gbogbo wọn, aṣọ ẹgbẹ́ yín kò sì gbọdọ̀ sọ ẹni tí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Owó ìdíje yàtọ̀. Kí àwọn tí ń lọ dá a láàárín ara wọn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ bá fohùn ṣọ̀kan sí, kí ẹni tí ó ń jẹ iyán má baà máa sọ pé owó òun ni wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì.

Ìdíje fúnra rẹ̀

Bí ẹ kò bá rí ìdíje tí ó gba àgbàlagbà nítòsí, ẹ ṣe tiyín. Ẹ pe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé mẹ́ta mìíràn, láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìdó tàbí Ìjerò, kí ẹ lo pápá ilé-ìwé kan, kí ẹ mú adájọ́ mẹ́ta tí wọn kò jáde ní èyíkéyìí nínú àwọn ilé-ìwé náà. Ẹ kọ bí a óò ṣe pín máàkì sílẹ̀, kí ẹ sì fún gbogbo ẹgbẹ́ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ fi àkókò kan sí i fún àwọn tí kò díje, kí àwọn náà jáde lu orin ilé-ìwé wọn lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ bá ti pa ìwé wọn dé. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun tí ó rí. Ìyẹn ni ẹ ó mú lọ sílé, yálà ẹ gba ife tàbí ẹ kò gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìdíje, kò gbọdọ̀ sí ìgbáradì kankan. Ẹ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì onírin tí ó fa awọ ìlù le díẹ̀, ní ìdojúkọ ara wọn ní méjì-méjì kí awọ má baà fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ nu irin wọn, ẹ gbé wọn sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún pín bébà kéékèèké náà, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta kan náà, láìkọ orúkọ. Nígbà tí àwa tún un bèèrè, méjì nínú àwọn méje ìjọ́sí kọ ọ́ pé àwọn kò fẹ́ máàkì mọ́, ẹni mẹ́rin tí wọn kò díje rí sì kọ ọ́ pé àwọn yóò dán an wò.